Ta Ni Yóò Pa Fáìlì Dé?

Bí mo bá ń kọ́ ọmọṣẹ́ tuntun bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà kan ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀: 1,024. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, iye fáìlì tí ètò kan lè ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn, àfi bí a bá yí i padà.

Kí a tó padà sórí nọ́ńbà yẹn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo mẹ́mọ́rì: ohunkóhun tí ètò bá dá sílẹ̀ ló ń gba àyè nínú rẹ̀. Bí kò bá wúlò mọ́, ta ni yóò palẹ̀ rẹ̀ mọ́? Ọdún 1960 ni ìdáhùn méjì jáde. John McCarthy, tó dá èdè Lisp sílẹ̀ ní MIT, ní kí ètò máa bá iṣẹ́ lọ títí àyè yóò fi tán. Ìgbà náà ni agbálẹ̀ yóò dìde, tí yóò sàmì sí gbogbo ohun tí ètò ṣì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí yóò sì gba àyè ìyókù. Èyí ni garbage collection. George Collins ní tirẹ̀ ní kí á máa ka iye ibi tí a ti ń tọ́ka sí ohun kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti di òdo, kí á tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Reference counting nìyẹn.

Java tọ ipa McCarthy. CPython, Python tí ọ̀pọ̀ ń lò, ń ka iye. Ṣùgbọ́n bí ohun méjì bá di ara wọn mú, iye wọn kì í di òdo láéláé; ìdí nìyí tí Python 2.0 fi ní agbálẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún 2000.

Ibi tó ká mi lára ni pé agbálẹ̀ mẹ́mọ́rì nìkan ló ń ṣọ́, kò ka fáìlì. Mo ti rí ètò Java kan tó ń ka rísíìtì àwọn oníbàárà: mẹ́mọ́rì ṣì pọ̀ yanturu, agbálẹ̀ kò rí ìdí tí yóò fi dìde, fáìlì sì ti pé iye tí ẹ̀rọ gbà. Iṣẹ́ dúró, àwọn ènìyàn ń retí owó wọn. CPython ì bá ti pa fáìlì kọ̀ọ̀kan dé bí iye rẹ̀ ṣe di òdo.

Síbẹ̀, n kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbójú lé ìyẹn. PyPy ń ka èdè Python kan náà, ṣùgbọ́n kì í ka iye. Fáìlì lè wà ní ṣíṣí níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó bá ṣí fáìlì ni kó kọ ibi tí yóò ti pa á dé sínú ètò. Python ní “with” fún un, Java sì ní try-with-resources láti 2011. Lọ́dún 2017, Java 9 ní kí á jáwọ́ nínú finalize, ìlànà tó gbé irú iṣẹ́ yìí lé agbálẹ̀ lọ́wọ́. Lójú tèmi, ó ti pẹ́ jù.