Ẹyẹ Kékeré Tí Ń Mu Omi Ṣúgà

Púpọ̀ nínú àwọn òbí wa tí wọ́n ti lọ bá ọmọ wọn tọ́jú ìkókó ní Houston tàbí Atlanta ni yóò ti rí i: ìgò pupa kan tí a so kọ́ ẹ̀yìnkùlé, tí omi ṣúgà wà nínú rẹ̀, àti ẹyẹ kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ tí ó dúró lójú afẹ́fẹ́ níwájú rẹ̀ láìba lé ohunkóhun. Ẹlòmíràn a kọ́kọ́ rò pé kòkòrò ni. Ẹyẹ ni, ẹ̀yin ará wa. Hummingbird ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí apá rẹ̀ a máa kùn bí ti oyin.

Ẹ má ṣe wá a lọ sínú Bíbélì, nítorí kò sí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Kò sí i ní Nàìjíríà náà. Àwọn ẹyẹ wẹ́wẹ́ aláwọ̀ dídán tí ń fa oje òdòdó nílé wa jọ ọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn erékùṣù wọn nìkan ni a ti ń rí i, irú rẹ̀ sì lé ní 300. Kúbà ni èyí tí ó kéré jù nínú gbogbo ẹyẹ ayé wà. Èyí tí àwọn ènìyàn wa ń rí jù ní apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni èyí tí ọ̀fun akọ rẹ̀ pupa bí iná. Ó wúwo tó gíráàmù 3, apá rẹ̀ sì ń lù tó ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹni tí ń ṣe irú iṣẹ́ báyìí kò lè ṣàìjẹun. Ní alẹ́ tí òtútù bá mú, ó lè jẹ́ kí ara rẹ̀ tutù, kí ọkàn rẹ̀ máa lù díẹ̀díẹ̀, kí agbára inú rẹ̀ má bàa tán kí ilẹ̀ tó mọ́.

Oúnjẹ rẹ̀ kò ṣòro: omi ife 4, ṣúgà funfun ife 1. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè wọ̀n ọ́n. Àwọn ìyá wa fẹ́ràn láti fi oyin kún un, nítorí oògùn ni oyin lọ́dọ̀ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Oyin tí a pò mọ́ omi a máa tètè bu, ó sì lè pa ẹyẹ náà lára. Ṣúgà pupa kò dára fún un, nítorí irin inú rẹ̀. Ṣúgà àwọn alátọ̀gbẹ kò sì ní agbára kankan tí yóò fi fò. Kò sí ìdí láti pa omi náà láró. Pupa ìgò náà ti tó.

Ibi tí ọ̀ràn wà gan-an ni ìmọ́tótó. Bí oòrùn bá mú, omi ṣúgà kì í ju ọjọ́ méjì lọ kí ó tó bàjẹ́, nígbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti dà bí omi ògì, ẹ dà á nù, kí ẹ fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ìgò náà. Ìdílé tí iṣẹ́ kò fún láàyè láti máa fọ̀ ọ́, àwa gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n sọ ìgò náà kalẹ̀, kí wọ́n gbin òdòdó dípò rẹ̀. Ebi kò ní pa ẹyẹ náà nítorí yín. Ó ń jẹ kòkòrò wẹ́wẹ́ àti aláǹtakùn pẹ̀lú. Nítorí èèrà ńkọ́? Ẹ má fi gíríìsì pa okùn ìgò, nítorí bí ó bá kan ìyẹ́ ẹyẹ náà, fífò di wàhálà. Ife omi kékeré tí a so sókè ìgò yóò dá èèrà dúró.

Màmá àgbà tí gbogbo ilé ti fi sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ kò ní dá wà mọ́ bí ìgò náà bá wà lójú fèrèsé. Yóò rí i bí akọ kan ṣe ń jókòó sórí ẹ̀ka igi láti àárọ̀ dé alẹ́, tí ń lé gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò nídìí omi tí òun nìkan kò lè mu tán. (A mọ ènìyàn tí ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀.) Ẹ so ìgò kejì sí igun ilé tí kò ti lè rí i, àwọn yòókù yóò rí mu.

Ní oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń pọ̀ jù ní etíkun Texas. Ní Rockport, àwọn ará ìlú a máa ṣe àjọ̀dún wọn lọ́dọọdún nínú oṣù náà. Ẹyẹ náà ń jẹun níbẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po méjì. Púpọ̀ nínú wọn yóò sì fò kọjá òkun Gulf of Mexico, bíi kìlómítà 800, láìsí ibi ìsinmi.

Àwọn kan ń sọ pé bí a kò bá tètè gbé ìgò kúrò, ẹyẹ náà kò ní lọ mọ́, òtútù yóò sì pa á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kíkúrú ọ̀sán ni ó ń sọ fún un pé àkókò ti tó, kì í ṣe ìgò yín. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí tí ẹ rí gbẹ̀yìn, nítorí àwọn tí ń bọ̀ láti òkè lọ́hùn-ún lè pẹ́ lọ́nà. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ gbé e pamọ́. Ní oṣù kẹta, wọn yóò ti dé Houston padà.