Túùlù Tó Le Jù Kọ́ Ló Dára Jù: Bí A Ṣe Ń Yan Ọ̀bẹ fún Ẹ̀rọ Lathe

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí ètò ọ̀sẹ̀ yìí nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì tí ẹ gbàgbé íápíìsì yín sílé.

Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rò. Àbúrò mi ọkùnrin ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Mushin tó ń fi ẹ̀rọ lathe gbẹ́ irin. Ọdún yìí ló máa ṣe fúrídọ̀mù. Ọ̀gá rẹ̀ ti ṣèlérí ògbólógbòó ẹ̀rọ kan fún un, tí yóò máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló máa ra túùlù, ìyẹn ọ̀bẹ tó ń gé irin. Ó kó owó tó ti ń tọ́jú láti ọdún kan ààbọ̀ fún mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ mọ nǹkan rà lórí fóònù. Ẹ bá mi yàn án."

Mo yàn án bí mo ṣe ń yan gbogbo nǹkan. Mo wo ìràwọ̀, mo wo àwòrán, mo rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé carbide le gan-an, mo sì sanwó. Ẹrù dé, típù mẹ́ta fọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àbúrò mi kò bínú sí mi rárá, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ni mo bá gbé máíkì, ó di ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀rọ náà. Ṣé ẹ ti rí àwọn tó ń bó ọsàn tà létí títì? Ọsàn ló ń yí, ọ̀bẹ dúró sójú kan, èèpo sì ń bọ́ wá ní gígùn. Bí lathe ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Irin tí a fẹ́ gbẹ́ ló ń yí, túùlù ló ń bó o. Nítorí náà, túùlù gbọ́dọ̀ le ju irin náà lọ, kó lè fara da ooru, kó sì lè fara da ìgbálù.

Ibi tí mo ti ṣìnà nìyẹn. Mo rò pé ohun tó bá le kì í fọ́. Ẹ wo fóònù yín. Gíláàsì tí ẹ lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ le, kọ́kọ́rọ́ kò lè ha á, ṣùgbọ́n tó bá já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti là. Rọ́bà tó wà lẹ́yìn fóònù rọ̀, èékánná lè ha á, síbẹ̀ kì í fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni túùlù rí: bó bá ṣe le sí i, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń tètè sán.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní high speed. Irin ni, ṣùgbọ́n wọ́n fi àwọn èròjà bíi tungsten lú u. Lọ́dún 1900, Taylor àti White, ará Amẹ́ríkà, gbé túùlù irú rẹ̀ lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Paris. Ẹnu túùlù náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú nítorí ooru, síbẹ̀ ó ń gé irin lọ. High speed lè fara da ooru tó tó nǹkan bíi 600°C kí ó tó rọ̀. Tó bá kú, o lè pọ́n ọn padà fúnra rẹ, kí o sì gbẹ́ ẹ sí bó ṣe wù ọ́.

Èkejì ni carbide. Ìyẹ̀fun tungsten carbide ni, tí wọ́n fi cobalt so pọ̀. Iléeṣẹ́ Krupp ní Jámánì gbé e jáde láàárín ọdún 1920 sí 1930, wọ́n sì sọ ọ́ ní Widia, ìyẹn ni pé ó dà bíi dáyámọ́ńdì. Ó lè fara da ooru tó ju ti high speed lọ dáadáa, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ìgbálù.

Ọ̀gá wá bi mí pé, "Ṣé o béèrè bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń yí sí kí o tó rà á?" N kò béèrè.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. High speed máa ń gé irin lásán ní nǹkan bíi mítà 30 ní ìṣẹ́jú kan. Carbide fẹ́ tó 150. Ẹ mú 1000, ẹ fi iye mítà yẹn sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 3.14 ní ọ̀nà ìbú irin náà pín in. Tí irin bá jẹ́ 25 mm, high speed fẹ́ kó yí ìgbà 382 ní ìṣẹ́jú kan. Carbide fẹ́ ìgbà 1,910. Ẹ̀rọ àbúrò mi kì í yí kọjá 1,000, bẹ́ẹ̀ ni bẹ́árìn rẹ̀ sì ti ń mì. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ̀rọ tó di túùlù mú ló ń sọ irú èyí tí a máa lò.

NEPA tún wà ńbẹ̀. Tí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí típù carbide ṣì wà nínú irin, tí ẹ̀rọ dúró lójijì, ẹnu típù lè sán. Bí típù kan nínú mẹ́ta yẹn ṣe lọ nìyẹn. Méjì yòókù fọ́ lórí shaft tó ní ojú kọ́kọ́rọ́ lára: bó bá ṣe yí lẹ́ẹ̀kan, túùlù á bọ́ sí kòtò, á sì tún gbá etí rẹ̀. High speed ì bá fara dà á.

Àmọ́ carbide kì í ṣe ọ̀tá. Òde ara cast iron máa ń ní yanrìn tó ń jẹ ẹnu high speed. Carbide ló yẹ ibẹ̀. Tí iṣẹ́ bá pọ̀, tí ẹ̀rọ lágbára, tí iná dúró, carbide ló máa mówó wọlé.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á lórí fóònù, ẹ ka lẹ́tà ara rẹ̀. P jẹ́ ti irin lásán, M ti stainless, K ti cast iron, N ti alumíníọ̀mù. Ẹ wá wo orúkọ típù. Èyí tí mo rà ni CNMG 120408. N yẹn sọ pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó sì ń fẹ́ ẹ̀rọ alágbára. Tó bá jẹ́ CCMT ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà sẹ́yìn, ó ń gé wẹ́rẹ́, ẹ̀rọ kékeré lè gbé e. 08 ìparí yẹn sọ pé imú rẹ̀ rí roboto ní ìwọ̀n 0.8 mm. Fún ẹ̀rọ tó ń mì, 0.4 ló sàn jù.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi ara yín. Kí ni mo fẹ́ gé? Báwo ni ẹ̀rọ mi ṣe lágbára tó? Ṣé gígé náà máa lọ tààrà, àbí ó máa ń já láàárín? Tó bá tó báyìí ni kí ẹ tó béèrè iye owó.

Mo san owó àbúrò mi padà. A fi ra high speed, ọ̀gá sì ti ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn: kó máa rì í bọ omi kí ooru má bàa pa á. Típù tó kù wà nínú páálí, ó ń dúró de cast iron. Nígbà tí mo ń lọ, àbúrò mi pọ́n túùlù àkọ́kọ́ rẹ̀ tán, ó fi gé irin kan. Èèpo rẹ̀ jáde ní gígùn bíi ti ọsàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ẹ sọ èyí tí mo gbàgbé. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.