Oko Tí A Fi Ta Akíkanjú Lọ́rẹ

Alvin York, àgbẹ̀ ará Pall Mall ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, kò fẹ́ jagun, nítorí ó gbà pé Bíbélì kọ ìpànìyàn. Wọ́n mú un wọ iṣẹ́ ológun síbẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá, 1918, nínú igbó Argonne ní ilẹ̀ Faransé, òun àti ọmọ-ogun méje kó ará Jámánì 132 ní ìgbèkùn.

Nígbà tí ó padà délé pẹ̀lú àmì-ẹ̀yẹ, àwọn gbajúmọ̀ ìlú Nashville ṣèlérí oko fún un. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, irú ọrẹ wo nìyí? Owó tí wọ́n dá kò pé. Ọrùn York ni gbèsè ìyókù wọ̀, kí ìdáwó àwọn ènìyàn tó gbà á sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti kọ owó àwọn tí ó fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ polówó ọjà! Ilé-ìwé ni òun, tí kò kàwé púpọ̀, ń wá owó kọ́ fún àwọn ọmọ agbègbè rẹ̀. Ó kú ní 1964. Ilé-ìwé náà ṣì wà ní Jamestown.