Íntánẹ́ẹ̀tì Kan, Èrò Púpọ̀: Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Kọjá?

Láti Ayétòrò títí dé Àwóyè, òkun ló wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn ará Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, ṣùgbọ́n okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba abẹ́ òkun wá kì í gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wọn. Èkó ni MainOne, SAT-3 àti Equiano ń gúnlẹ̀ sí, kí dátà tó gba orí òpó ilé-iṣẹ́ fóònù dé ìlú olómi. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 tí Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba sátẹ́láìtì, ti dé Nàìjíríà, àwo kan lórí òrùlé náà lè gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ojú ọ̀run fún odidi ilé-ìwé. Ọ̀nà yòówù kó gbà wọlé, bí èrò bá ti pọ̀ lórí rẹ̀, pípín ló kù.

Kí ló ń fa ìdúró?

Ohunkóhun tí a bá fi ránṣẹ́, ìbáà ṣe fọ́tò tàbí ohùn, ìdì kéékèèké ni ẹ̀rọ ń gé e sí. Router, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, ń tì wọ́n jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tó ń wọlé bá ju èyí tó lè jáde lọ, ìyókù á tò sẹ́yìn. Bí èbúté Igbókọ̀dà ló rí, nígbà tí ọkọ̀ ẹrù bá dí ẹnu omi: aláboyún tó ń lọ sí ilé ìwòsàn á dúró, bí ọkọ̀ tirẹ̀ tilẹ̀ kéré.

Fíìmù tó mọ́ kedere ń gba nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìpè kò gbà tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dúró. ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, dábàá pé kí ohùn má ṣe pẹ́ ju mìlísẹ́kọ́ńdì 150 lọ lójú ọ̀nà, kí ọ̀rọ̀ lè já gaara.

Ìṣòro yìí ti pẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1986, ní Berkeley, Amẹ́ríkà, èrò pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì débi pé eré dátà já láti 32,000 bíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan sí 40 péré. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà Van Jacobson wá kọ́ kọ̀ǹpútà láti dẹ eré nígbà tí ọ̀nà bá dí. Ní 2012, òun àti Kathleen Nichols gbé ọgbọ́n mìíràn jáde, CoDel: kí router máa wo bí ìdì kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó lórí ìlà, kó má ṣe wo iye wọn.

Báwo la ṣe lè pín in?

Àkọ́kọ́ ni pé kí ìṣàn dátà kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, kí router máa mú ọ̀kọ̀ọ̀kan láti inú ìlà kọ̀ọ̀kan. fq_codel, tó ń lo ọgbọ́n CoDel, ń ṣe èyí, ọ̀fẹ́ sì ni nínú OpenWrt, ètò ìṣiṣẹ́ fún router. Ẹni tó ń wa fíìmù kan jáde kò ní lè gba ipò aládùúgbò rẹ̀. Ìkejì ni ipò àkọ́kọ́ fún ohun tí kò lè dúró, bí ìpè ilé ìwòsàn. Ìkẹta ni òdiwọ̀n: kí a dín eré router kù díẹ̀ sí ohun tí ìsopọ̀ lè gbé, kí ìlà lè tò sọ́dọ̀ wa níbi tí a ti lè ṣàkóso rẹ̀. Lórí Starlink, èyí gba àmójútó, nítorí eré rẹ̀ kì í dúró sójú kan.

Òfin ńkọ́?

Ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, gbé jáde ní 2019 kò fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ dí ojúlé tó bófin mu tàbí kó mọ̀ọ́mọ̀ fà á sẹ́yìn. Ó gba àkóso tó mọ́gbọ́n dání láyè, ó sì ní kí oníbàárà mọ̀ nípa rẹ̀. Ìdí ìlànà yìí hàn ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí okùn abẹ́ òkun MainOne, WACS, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Ọ̀pọ̀ báńkì ní Nàìjíríà kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa, èrò sì já lu ìwọ̀nba okùn tó kù. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá lówó jù máa ń fẹ́ ra iwájú.

Ìdí nìyí tí àwọn tó dá owó jọ ra àwo kan ní etíkun Ìlàjẹ fi gbọ́dọ̀ fẹnu kò kí ọ̀nà tó dí. Kí wọ́n fún kálukú ní ìlà dọ́gba, kí ìpè ìlera ṣáájú, kí wọ́n sún wíwa fíìmù jáde sí òru, kí wọ́n má sì ta ipò iwájú fún ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri, kí gbogbo ẹni tó dá owó lè kà á, kó sì lè béèrè bí wọ́n bá rú u.