Òdòdó Alamáńdà: Ẹwà Ẹnu Géètì Tí Oje Rẹ̀ Ń Fẹ́ Ìṣọ́ra

Ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Nàìjíríà, ìtàkùn kan wà tí àwọn onílé fẹ́ràn láti gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tàbí ẹnu géètì. Òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ó sì la ẹnu bí ẹnu kàkàkí. Alamáńdà ni àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ń pè é. Ó rọrùn láti tọ́jú, ó sì máa ń tanná fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Ṣùgbọ́n oje funfun bíi wàrà tó wà nínú ewé àti ẹ̀ka rẹ̀ lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá, pàápàá àwọn ọmọdé.

Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìtàkùn yìí ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 1771 ni Carl Linnaeus, onímọ̀ nípa ewéko tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Sweden, sọ ọ́ ní Allamanda cathartica. Apá kejì orúkọ náà wá láti inú èdè Gíríìkì, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí ń fọ inú. Orúkọ yẹn nìkan ti tó ìkìlọ̀, nítorí pé ẹni tó bá jẹ nínú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kí ó sì máa yàgbẹ́ gbuuru.

Ibi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa fún nǹkan bíi wákàtí 6 lójúmọ́ ni ó fẹ́, àti ilẹ̀ tí omi kì í dá rogún sí. Bí ó bá wà lábẹ́ òjìji, ewé ni yóò pọ̀ ju òdòdó lọ. Ẹ̀ka ni wọ́n fi ń gbìn ín: wọn a gé èyí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, wọn a já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, wọn a sì fi í sínú iyẹ̀pẹ̀ rírọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Kò dàbí ìtàkùn iṣu tó ń lọ́ mọ́ ọ̀pá fúnra rẹ̀. Okùn ni wọ́n fi ń so ó mọ́ wáyà tàbí igi. Ajílẹ̀ díẹ̀ ti tó o. Ẹni tó bá gbìn ín sínú ìkòkò ní láti máa da omi inú àwo abẹ́ rẹ̀ nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ẹ̀fọn.

Lórí ẹ̀ka tuntun ni alamáńdà ti máa ń tanná, nítorí náà ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni àsìkò tó yẹ láti rẹ́ ẹ. Ìgbà yìí gan-an ni oje rẹ̀ máa ń ta sí ènìyàn lára. Àwọn tó ń rẹ́ òdòdó kiri àdúgbò sábà máa ń fi ọwọ́ lásán ṣe iṣẹ́ yìí. Onílé tó pè wọ́n ni ó yẹ kí ó fún wọn ní ìbọ̀wọ́, kò sì wọ́n. Bí oje bá kan ara, ó lè máa yún, kí ó sì sú. Ọṣẹ àti omi ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́ kíákíá. Bí ó bá ta sí ojú, kí wọ́n má ṣe fi ọwọ́ ra á. Omi mímọ́ ni kí wọ́n máa dà sí i fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí wọ́n sì lọ rí dókítà. Ẹ̀ka tí wọ́n gé kì í ṣe oúnjẹ ewúrẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ló gba àròjinlẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló mọ bí wọ́n ti ń fa omi dídùn inú òdòdó ìksórà pupa mu, ọmọ tó bá sì ti mọ adùn yẹn lè rò pé bákan náà ni gbogbo òdòdó. Àwọn mìíràn a máa já ewé láti fi se ọbẹ̀ nínú eré wọn. Nítorí náà, kò yẹ kí wọ́n gbin alamáńdà sí ọgbà jẹ́léósinmi, tàbí ibi tí ọwọ́ ọmọ ìrákòrò lè tó.

Ọmọ tó bá jẹ ẹ́, ètè rẹ̀ lè wú, òùngbẹ lè máa gbẹ ẹ́, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru sì lè tẹ̀ lé e. Kò wọ́pọ̀ kí ó la ikú lọ, àmọ́ omi ara ọmọ kékeré kì í pẹ́ tán. Epo pupa ni ọ̀pọ̀ ìyá máa ń sáré bù sí ọmọ lẹ́nu nígbà tó bá jẹ májèlé. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Epo kò pa oró májèlé, bí ọmọ bá sì ń bì, epo náà lè ṣìnà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí ó sì dá àìsàn mìíràn sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì ti ọwọ́ bọ ọmọ lọ́nà ọ̀fun kí ó lè bì. Kí wọ́n yọ ewé tó kù lẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n fi omi nu ẹnu náà, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ẹ̀ka òdòdó náà lọ́wọ́.

Ẹ̀ka náà ṣe pàtàkì nítorí pé igi mìíràn wà tí òdòdó rẹ̀ jọ ti alamáńdà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Thevetia. Wọ́n máa ń fi òun náà ṣe ọgbà yí ilé ká. Ewé alamáńdà fẹ̀, 3 tàbí 4 ni ó sì sábà máa ń yí ẹ̀ka ká lójú kan. Ewé Thevetia tín-ín-rín, ó gùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń jáde. Oró Thevetia a máa da ìlù ọkàn rú, èso rẹ̀ sì ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní orílẹ̀-èdè Sri Lanka. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dá ṣáṣá, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.