Ọmọ Tí Kò Gbọ́ràn ní Ilé Ìwé: Kí Ló Ń Ṣe É?

"Olóríkunkun ni ọmọ yìí." Ọ̀rọ̀ yìí kò wọ́n ní Tchaada bí a bá ń sọ̀rọ̀ ilé ìwé. Ọmọ kan ń lu ẹgbẹ́ rẹ̀. Òmíràn ń sùn nígbà tí olùkọ́ ń kọ́ni. Òmíràn ń sá lọ sí ọjà Igolo. Ẹ̀yin òbí, kí a tó mú pàṣán, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: kí ló ń ṣe ọmọ náà?

Mo mọ ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 8. Wọ́n á pè é, kò ní dáhùn. Wọ́n á ní kó mú ìwé wá, síléètì ni yóò mú wá. Olùkọ́ nà án, bàbá rẹ̀ náà nà án. Èmi fúnra mi sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ náà ya alágídí. Ojú ń tì mí bí mo bá rántí. Ìyá àgbà ilé wọn ló ṣàkíyèsí pé ibi tí ọmọ náà ń gbé orí lé sùn máa ń rùn láàárọ̀. Ọyún ń jáde ní etí rẹ̀ méjèèjì. Ọmọ náà kò gbọ́ ohun tí à ń sọ! Wọ́n tọ́jú etí náà ní ilé ìwòsàn, olùkọ́ sì mú un jókòó síwájú. Ó ti ń dáhùn báyìí.

Ẹ lè yẹ etí ọmọ yín wò nílé. Ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí kò ti rí yín, kí ẹ fi ohùn kékeré pe orúkọ rẹ̀. Bí kò bá yíjú padà, tàbí bí ọyún bá ń jáde, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe da òróró tàbí omi ewé sí etí náà.

Ebi náà wà níbẹ̀, àti aràn inú. Ọmọ tó pọnmi láàárọ̀ tí kò jẹun, oorun ni yóò sùn ní kíláàsì. Faransé tí kò gbọ́ nílé ni wọ́n sì tún fi ń kọ́ ọ.

Ohun mìíràn wà tí a kì í fẹ́ sọ. Òwò bodè ló ń bọ́ púpọ̀ nínú wa. Nàìjíríà ti bodè rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, kò ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó bẹntiróòlù fò sókè níbẹ̀, èrè àwọn tó ń ta kpayo sì dín kù. Bí òwò bá bàjẹ́, bàbá lè wáṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn, kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá àgbà, tàbí kí wọ́n fi í sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn kan ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Àwọn mìíràn ń fi í kiri ọjà títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí ìbínú ọmọ náà bá wá tú sórí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwé, ṣé ìwà burúkú lásán ni?

Àwọn kan á ní ẹgba ló tọ́ àwọn dàgbà. Ẹgba kì í la etí tó dí. Òfin Bẹ̀nẹ̀ lórí ọmọdé, ti ọdún 2015, kò sì gbà kí a máa na ọmọ, ìbáà ṣe nílé tàbí ní ilé ìwé.

Bí ọmọ bá ti ilé ìwé dé, ẹ jẹ́ kó jẹun ná. Kí ẹ wá bi í nígbà tí ẹ̀yin méjì nìkan wà: "Ṣé o ń rí pátákó? Ta ló ń yọ ọ́ lẹ́nu?" Bí bàbá bá rìnrìn àjò, tàbí bí ẹnì kan bá kú nínú ilé, ẹ sọ fún olùkọ́. Ẹ má dúró dìgbà tí yóò ránṣẹ́ pè yín.