Ejò Tí Ó Sùn Kò Tíì Kú

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń gbé ìlú Ìbíní ni ó mọ Ugbowo, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìbíní wà láti ọdún 1973. Níbẹ̀ ni àwọn tí kòkòrò HIV wà lára wọn ti ń gba oògùn tí wọn ń lò lójoojúmọ́. Ìbéèrè ọkàn wọn kò ju ọ̀kan lọ: ìgbà wo ni àwọn yóò bọ́ lọ́wọ́ oògùn yìí?

Àwọn onímọ̀ ń wá ìdáhùn. Ní ìlú Durban, ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n fún obìnrin 20 tí ó tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní àpapọ̀ oògùn tí ń ta àwọn ọmọ-ogun ara jí, tí ó sì ń dojú kọ kòkòrò náà. Wọ́n wá dá oògùn ojoojúmọ́ dúró, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò léraléra. Àbájáde tí wọ́n kéde ní ọdún 2025 fi hàn pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó lo ju ọdún kan láìlo oògùn. Púpọ̀ nínú wọn ni ó padà sí ìdí rẹ̀.

Kòkòrò yìí a máa sá pamọ́ sínú ara. Bí oògùn bá kúrò, láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ó sábà máa ń jí. Ìwádìí ńlá kan ní ọdún 2006 fi hàn pé àwọn tí ń dá oògùn dúró kú ju àwọn tí ń lò ó déédéé lọ.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí agbo tàbí ìlérí ju oògùn nù. Ẹni tí ń lọ sílé fún ọdún, kí ó gba èyí tí yóò tó o dé kí ó tó wọkọ̀. Ìrètí ń bọ̀, ṣùgbọ́n alààyè ni yóò rí i.